Ẹrù Tí Mo Gbé Lé Itan Láti Peckham Dé Ìbàdàn

 

Bí àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run bá ti ìrìn àjò òkèèrè dé, ohun tí ẹ máa ń retí ni ìròyìn ìsọjí tàbí ti ilẹ̀ mímọ́. Ìrìn àjò tí mo fẹ́ ròyìn fún yín yìí kò rí bẹ́ẹ̀. N kò wàásù níbi kankan. Ẹrù ni mo lọ kó. Láàárín ẹrù náà, ọ̀kan wà tí n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi gbé, láti yàrá kan ní Peckham ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù títí mo fi wọ ilé ní Ìbàdàn. Ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ ni. Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ẹ rọra bá mi ká lọ.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni Olúwa pe àbúrò mi ọkùnrin sílé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ náà ni a sin ín sí. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti padà sí Ìbàdàn láti ọdún 2016, nígbà tí àìsàn dá ìyá ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù Kìíní ọdún 2024, ẹbí ní kí n lọ palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́, kí a lè dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ ìrìn àjò mi yóò mọ́, ọmọ náà, tí ó ti pé ọmọ ọdún 17, wá bá mi nílé. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, n kò fẹ́ aṣọ, n kò fẹ́ fóònù. Géèmù Dádì mi ni kí ẹ bá mi gbé bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó bàjẹ́ lọ́nà.”

Mo ní mo gbọ́, mo sì gbàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ wà láàárín èmi àti ẹ̀rọ náà.

LẸ́TÀ ỌDÚN 1994

Ọdún 1991 ni àbúrò mi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ gbígbá ọ́fíìsì lóru ni ó kọ́kọ́ rí ṣe. Ní ọdún 1993, ó kọ̀wé sí mi pé òun ti tu owó jọ, òun sì ti ra ẹ̀rọ géèmù kan tí wọ́n ń pè ní Super Nintendo. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fọ́tò ẹ̀rọ náà sínú lẹ́tà.

Nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì ni. Iná ń jó nínú mi. N kò mọ ohun tí ẹ̀rọ náà jẹ́, ṣùgbọ́n mo ti mọ bí a ti ń dá nǹkan lẹ́bi. Ní ọdún 1994 mo kọ lẹ́tà olójú ewé mẹ́ta ránṣẹ́ sí i. Mo ní òrìṣà ni ó rà, mo ní kí ó gbé e jù sí ààtàn. Ẹsẹ Bíbélì kún inú lẹ́tà náà fọ́fọ́. Ṣùgbọ́n n kò béèrè bí ó ti ń jẹun. N kò béèrè bóyá ó ń rí oorun sùn. N kò béèrè bóyá ó ní ẹnì kan tí ó ń bá sọ̀rọ̀.

Odidi ọdún méjì ni àbúrò mi kò fi kọ̀wé sí mi. Nígbà tí a tún bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, kò dárúkọ géèmù mọ́, èmi náà kò sì béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe títí ó fi lọ. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ti fi òwe yìí wàásù fún tọkọtaya púpọ̀ kí n tó rántí lẹ́tà tèmi.

YÀRÁ KAN NÍ PECKHAM

Ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn dé Peckham kò ní ṣe àjèjì púpọ̀. Ní òpópónà tí wọ́n ń pè ní Rye Lane, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, gàrí, ata rodo àti panla wà lórí àtẹ lọ́tùn-ún lósì, Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń nájà fi ń dúnàádúrà. Ilé ìkàwé kan wà nítòsí ibẹ̀ tí wọ́n ṣí ní ọdún 2000. Apá òkè rẹ̀ yọ síwájú bí ìgbà tí ilé bá tẹ̀ síwájú lórí òpó, ó sì gba ẹ̀bùn ńlá fún iṣẹ́ ọnà ilé kíkọ́ lọ́dún náà. Ohun tí kò jọ Ìbàdàn ni òtútù. Ní oṣù Kìíní, kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, ilẹ̀ ti ṣú. Mo wọ súwẹ́tà méjì léra, eyín mi ṣì ń lu ara wọn.

Yàrá àbúrò mi wà ní àjà kejì. Bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan, ìwé orin, Bíbélì. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti fa páálí náà jáde. Ẹ̀rọ aláwọ̀ eérú ni, kò tóbi ju Bíbélì ńlá orí pẹpẹ lọ. Ara rẹ̀ ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí eyín àgbàlagbà. Páàdì méjì wà níbẹ̀ tí ó ní bọ́tìnnì pupa, yẹ́lò, aláwọ̀ ewé àti búlúù. Àdápítọ̀ iná wà níbẹ̀, wáyà tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀, káàsẹ́ẹ̀tì géèmù márùn-ún sì wà níbẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ páálí náà, lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ni mo ti rí lẹ́tà mi. Ó ṣì wà nínú àpò rẹ̀, pẹ̀lú sítáǹbù Nàìjíríà lórí. Kò fa á ya, kò sì jù ú nù. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì náà fún ìgbà pípẹ́.

Màmá kan tí ó ń gbé ní ìsàlẹ̀, ọmọ ìjọ kan náà pẹ̀lú àbúrò mi, gbé tíì gbígbóná wá fún mi. Ó rí páálí náà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Pásítọ̀, ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́ Olúwa o.” Ó ní ní ọjọ́ Sátidé, àbúrò mi a máa kó àwọn ọmọkùnrin ilé ìjọ jọ sínú yàrá yìí. Wọn á kọ́kọ́ ka Bíbélì fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà ni wọn á ta géèmù, méjì méjì, ní ìtò-ìtò. Ó ní ó wu àbúrò mi kí wọ́n máa pariwo nínú yàrá òun ju kí wọ́n máa rìn kiri ojú títì lálẹ́ lọ. Ọmọ tirẹ̀ wà lára wọn. Ó ti di bàbá ọmọ méjì nísinsìnyí.

Ohun tí mo pè ní òrìṣà nìyẹn.

OHUN TÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ JẸ́

Kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ilé iṣẹ́ Nintendo ti ìlú Kyoto ní ilẹ̀ Jàpáánù ni ó ṣe é. Ọdún 1889 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, káàdì títa ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Super Nintendo jáde ní Jàpáánù ní ọdún 1990, ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1992. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 49 ni wọ́n tà kárí ayé. Wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró láti ọjọ́ pípẹ́. Nítorí náà, èyí tí ó bá fọ́, ó fọ́ nìyẹn. A lè ra ti ẹlòmíràn lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí bàbá ẹni fi ọwọ́ kàn.

Káàsẹ́ẹ̀tì kan wà láàárín márààrún tí ó ju àwọn yòókù lọ. Orúkọ rẹ̀ ni The Legend of Zelda: A Link to the Past. Ó ní ààyè mẹ́ta tí àwọn tí ó ń ta á lè kọ orúkọ wọn sí, kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n bá dé. Bátìrì pẹlẹbẹ kékeré kan, tí kò tóbi ju owó ẹyọ lọ, ni ó wà nínú káàsẹ́ẹ̀tì náà tí ó ń bá wọn pa orúkọ náà mọ́. Bí bátìrì náà bá kú, tàbí tí nǹkan bá gbọ̀n ọ́n kúrò láyè rẹ̀, gbogbo orúkọ náà parẹ́. Ohun tí ọmọ àbúrò mi ń bẹ̀ mí nípa rẹ̀ nìyí. Orúkọ bàbá rẹ̀ wà ní ààyè kìíní, orúkọ tirẹ̀ wà ní ìkejì. Ọmọ ọdún méje ni ó wà nígbà tí bàbá rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀.

BÍ A TI DI ẸRÙ NÁÀ

Ní ọjọ́ kejì mo gbé páálí náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tún fóònù ṣe ní ẹ̀gbẹ́ Rye Lane. Ọmọ Yorùbá ni. Ó ní, “Dádì, ẹ jókòó. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan.” Ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré kan, ó tẹ bọ́tìnnì, orúkọ méjèèjì sì jáde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní ọ̀pọ̀ irú bátìrì bẹ́ẹ̀ ni ó ti kú, ṣùgbọ́n èyí ṣì ń mí. Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ mi bí a ti ń di ẹrù bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ní ọmọ tàbí àbúrò lókè òkun tí ó lè fi irú rẹ̀ rán yín.

1. Dán an wò kí o tó dì í. Bí ó bá ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, o ó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀nà ni ó bà á jẹ́. Ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, àti nọ́ńbà tí ó wà ní ìdí rẹ̀.

2. Yọ káàsẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. Bí ó bá wà lẹ́nu rẹ̀ tí nǹkan kọlù ú, ẹnu náà yóò fọ́. Bí ó bá jẹ́ PlayStation, yọ àwo inú rẹ̀.

3. Bí ó bá jẹ́ èyí tí a ń fi ọwọ́ gbé, bíi Game Boy àtijọ́ tí ó ń lo bátìrì tọ́ọ̀ṣì kékeré mẹ́rin, yọ bátìrì náà. Bí bátìrì àtijọ́ bá jò, omi rẹ̀ yóò jẹ irin inú ẹ̀rọ. Bátìrì líthíọ́ọ̀mù tí kò sí nínú ẹ̀rọ, báàgì ọwọ́ ni kí o fi sí. Òfin ọkọ̀ òfuurufú kò gbà á nínú ẹrù tí ó ń lọ sí ìsàlẹ̀.

4. Má ṣe fi ẹnu fẹ́ ìdí káàsẹ́ẹ̀tì bí a ti máa ń ṣe láyé àtijọ́. Itọ́ a máa dípẹtà sára irin rẹ̀. Fi òwú ìnu-etí àti irú ọtí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń nu apá kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ nù ún díẹ̀, kí o jẹ́ kí ó gbẹ.

5. Má ṣe wé wáyà mọ́ ara ẹ̀rọ tàbí mọ́ páàdì. Ká a ní òbírípo gbẹ̀rẹ́gẹ̀dẹ̀, kí o fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ dè é. Wáyà tí a bá fún pọ̀ a máa já nínú, ojú kò sì ní rí i.

6. Di àdápítọ̀ lọ́tọ̀. Ó wúwo bí òkúta; bí ó bá ń yí kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, òun gan-an ni yóò fọ́ ọ. Kọ orúkọ ẹ̀rọ tí ó ni ín sí i lára. Iná tí ó ń jáde lára àdápítọ̀ Super Nintendo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe irú èyí tí Sega Mega Drive ń lò. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ wọn lè jó ẹ̀rọ rẹ̀.

7. Fi aṣọ òwú tí ó mọ́ wé ẹ̀rọ náà, lẹ́yìn náà fi ọ̀rá oníhóró atẹ́gùn wé e. Fi àpò kékeré oníhóró tí ó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí i, kí ó lè fa omi inú afẹ́fẹ́. Gbé e sínú àpótí líle, kí o fi aṣọ dí gbogbo igun rẹ̀. Mì ín. Bí nǹkan kan bá dún, tú u, kí o tún un dì.

8. Gbé e fúnra rẹ.

Bí ó ti dé orí ìkẹjọ yìí, orí kẹrin ìwé Númérì sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ lọ kà á nílé. Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ni ó kọ́ Ísírẹ́lì bí a ti ń di ẹrù. Áárónì àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọlé, wọn yóò fi aṣọ wé ohun èlò kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì fi awọ bò ó, kí àwọn ọmọ Kóhátì tó wá gbé e. Àwọn ọmọ Mérárì ni ó ń gbé pákó àti òpó àgọ́, a sì ní kí a dárúkọ ẹrù tí olúkúlùkù yóò gbé. Nígbà tí ó di orí keje, a pín kẹ̀kẹ́ ẹrù fún àwọn ọmọ Géṣónì àti Mérárì. A kò fún àwọn ọmọ Kóhátì ní ẹyọ kan (Númérì 7:9). Èjìká ni wọn yóò fi ru tiwọn. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé àpótí Olúwa sínú kẹ̀kẹ́, ẹ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Ússà (Sámúẹ́lì Kejì 6).

N kò fi ẹ̀rọ géèmù wé ohun èlò mímọ́ o. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹrù yàtọ̀ sí ẹrù. Èyí tí a lè rà padà, a lè fi sínú kẹ̀kẹ́. Èyí tí a kò lè rà padà, ara ẹni ni a fi ń gbé e.

HEATHROW

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Peckham Rye lọ sí Victoria, mo wọ tí abẹ́ ilẹ̀ dé Green Park, mo sì bọ́ sínú èyí tí ó ń lọ sí pápákọ̀ òfuurufú Heathrow. Àpótí ńlá méjì ni mo ń fà. Ẹrù ọmọ náà wà láyà mi bí ìgbà tí abiyamọ pọn ọmọ síwájú.

Ní ibi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù, ọmọbìnrin tí ó wà níbẹ̀ gbé báàgì ọwọ́ mi lé orí ìwọ̀n. Ó ti wúwo jù. Ó fi ọ̀wọ̀ sọ fún mi pé kí n jẹ́ kí òun fi ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Lóòótọ́, ẹ̀bi mi ni. Mo ti fi bàtà tuntun méjì àti ìwé àlàyé Bíbélì ńlá mẹ́ta sínú báàgì náà, èyí tí mo ti ń wá láti ọjọ́ tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ìlà gùn lẹ́yìn mi. Ohùn kan nínú mi ní, “Ṣebí o ti dì í dáadáa? Jẹ́ kí ó lọ sí ìsàlẹ̀.”

Ẹ̀yin ará, mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti bàtà jáde, mo tì wọ́n sínú àpótí ńlá. Ìwé kan kò wọlé. Mo fi sílẹ̀ fún màmá tí ó sìn mí wá, mo ní kí ó fi ta ilé ìkàwé ìjọ wọn lọ́rẹ. Ó dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà kan rí mo ti fi ìwé borí ènìyàn. N kò fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ibi àyẹ̀wò, wọ́n ní kí n yọ ẹ̀rọ náà jáde kí wọ́n lè wò ó. Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù iná àyẹ̀wò. Kì í pa orúkọ inú káàsẹ́ẹ̀tì rẹ́. Ohun tí ó yẹ ni kí a dì í lọ́nà tí yóò fi rọrùn láti tú àti láti tún dì, kí ọwọ́ àìkánjú má di ọwọ́ ìkánjú. Nínú ọkọ̀, n kò gbé e sí òkè orí níbi tí àwọn èrò ti ń ti báàgì mọ́ ara wọn. Abẹ́ ìjókòó iwájú mi ni mo gbé e sí, láàárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ni a fi fò.

ÈKÓ SÍ ÌBÀDÀN

Ooru Èkó pàdé wa ní Ìkẹjà bí ẹni pé ó ti ń retí wa. Òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè kan ní kí n ṣí báàgì. Ó wo ẹ̀rọ náà, ó wo kọ́là ọrùn mi, ó ní, “Bàbá Pásítọ̀, ẹ̀yin náà ń ta géèmù?” Mo ṣàlàyé fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ bá mi fi aṣọ bò ó padà, ó ní, “Ẹ kú ìrọ́jú, sà. Ọlọ́run á tu ọmọ náà nínú.”

Dẹ́rẹ́bà ìjọ wa ti ń dúró. Ó fẹ́ gba báàgì náà kí ó gbé e sí búùtù. Mo kọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ó gùn tó nǹkan bíi 127 kìlómítà, mọ̀ pé búùtù kì í ṣe ibi ìsinmi. Ooru ibẹ̀ kò dára fún bátìrì àtijọ́, ìjàǹfọ̀ rẹ̀ kò sì dára fún irin inú ẹ̀rọ. Mo gbé e lé itan. A kọjá Bẹ́gà, a kọjá Ìbàfò àti Mowé, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá wa dúró díẹ̀, a kọjá oríta Ṣàgámù àti Ògèrè. Nígbàkígbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò, ọwọ́ mi á fún báàgì náà mọ́ra. Dẹ́rẹ́bà wò mí nínú dígí, ó ní, “Bàbá, ṣé wúrà ni?” Mo ní, “Orúkọ ni.” Kò yé e, ṣùgbọ́n ó rọra wa ọkọ̀ láti ibẹ̀ lọ.

Mósè náà gbé egungun Jósẹ́fù jáde ní Íjíbítì nítorí ìlérí kan tí àwọn baba ti ṣe (Ẹ́kísódù 13:19). Nígbà tí àwọn ènìyàn ń kó wúrà àti fàdákà, ìlérí ni ó wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Mo ronú lé e lórí títí a fi rí Too-géètì àtijọ́ Ìbàdàn.

ÒRU KAN

Ọmọ náà ti gbọ́ ìró ọkọ̀ kí a tó dúró. Ó ti nu tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, ó ti tẹ́ aṣọ sílẹ̀. Mo ní, “Ọmọ mi, kì í ṣe alẹ́ yìí. Ó di òwúrọ̀.” Ẹ̀yin náà ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹ̀rọ tí ó bá ti inú òtútù bọ́ sínú ooru tútù bíi tiwa a máa làágùn, bí ìgò mínírà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú fíríìjì. Làágùn náà lè wà nínú rẹ̀ tí ojú kò ní rí i. Bí a bá tan iná sí i nígbà náà, ó lè jó. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi fún wákàtí mélòó kan. Tèmi, mo fún un ní òru kan gbáko.

Ní òru yẹn, mo fi lẹ́tà ọdún 1994 hàn án. Mo sọ ohun gbogbo fún un níwájú ìyá rẹ̀. Mo ní, “Mo ṣẹ bàbá rẹ, n kò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lọ. Ìwọ ni mo wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ.”

Ó wolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Dádì ti sọ fún mi, sà. Wọ́n ní ẹ kò mọ̀ ni. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n wà ní ilé ìwé, ẹ̀yin lẹ máa ń fún wọn ní ẹran tiyín, pé ẹni tó fún èèyàn lẹ́ran rẹ̀ kò lè jẹ́ ọ̀tá èèyàn.”

N kò lè dáhùn. Ìyàwó àbúrò mi ni ó gbé orin sókè, a sì gbàdúrà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti mú iná lọ. A dúró dè é títí di agogo mẹ́wàá. Mo ti ra ẹ̀rọ amúnádọ́gba tí a ń pè ní stabilizer sílẹ̀, nítorí iná wa a máa ga, a sì máa rẹlẹ̀. Iná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti tiwa bára mu lórí ìwé, fólítì 230 ni, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà sì ni. Ẹ̀rọ tí ó bá ti Lọ́ńdọ̀nù wá kò nílò transfọ́ọ̀mà. Èyí tí ó bá ti Amẹ́ríkà wá, fólítì 120 ni. Bí a bá fi àdápítọ̀ rẹ̀ sínú iná wa lásán, yóò jó. Wáyà olórí mẹ́ta, yẹ́lò, pupa àti funfun, ni a fi so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí a bá lo wáyà eríà tí ó bá ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, àwòrán lè jáde lórí tẹlifíṣọ̀n tiwa kí ohùn má dún, nítorí ìlànà ohùn wọn yàtọ̀ sí tiwa.

Ọmọ náà ki káàsẹ́ẹ̀tì bọ ẹnu rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì. Orin dún. Orúkọ bàbá rẹ̀ jáde ní òkè, orúkọ tirẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó fi ìka kan gíláàsì tẹlifíṣọ̀n náà, kò sọ nǹkan kan. Kò ṣí ti bàbá rẹ̀. Ó ní kí ó wà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi, ó ní, “Bàbá Pásítọ̀, ààyè kẹta ṣófo. Ẹ wá kọ orúkọ yín.”

Mo kọ ọ́. Òjò ńlá ni ó bẹ̀rẹ̀ eré náà. Ọmọkùnrin kan wà nínú ilé, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí rẹ̀ kan sì jáde lọ sínú òru láti gba ọmọbìnrin ọba sílẹ̀. Ọmọkùnrin náà tẹ̀lé e, ó bá a níbi tí ó ti fara gbọgbẹ́, ìyẹn sì gbé idà rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo dé kí àwọn ọ̀tá tó pa mí. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí a ti gbọ́ ẹ̀rín nínú ilé náà.

Ẹ̀yin òbí, n kò sọ pé kí ẹ fi géèmù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ yín lọ́sàn-án lóru. Ohun tí ó bá gba àkókò àdúrà, ti ẹ̀kọ́ àti ti iṣẹ́ ilé, ó ti kọjá àyè rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a béèrè kí a tó dá lẹ́bi. Ẹ̀rọ tí a ṣe pẹ̀lú irin àti ike, a ń fi aṣọ wé e, a ń gbé e lé itan, a ń fún un ní òru kan kí ó sinmi. Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ sí ọmọ ìyá wa, sí ọkọ, sí aya, sí ọmọ tí ó wà ní ìlú òkèèrè ńkọ́? Òun náà ń rìnrìn àjò. Kí a dì í dáadáa kí a tó rán an.

Bí o bá ní ẹnì kan tí o ti fi lẹ́tà tàbí ọ̀rọ̀ fóònù lé jìnnà, tí ó sì ṣì wà láàyè, má dúró de ọjọ́ tí wọn yóò ní kí o wá kó ẹrù rẹ̀. Pè é lónìí.

Kí Olúwa tí ó ń pa ẹrù àti ẹni tí ó gbé e mọ́ pa gbogbo wa mọ́ ní àlọ àti ní àbọ̀, ní orúkọ Jésù. Àmín.